Ààwẹ̀ Ọmọ Ọdún Méje

Mi ò fi ebi pa ọmọ mi rí. Ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí ohun tí wọ́n fi kàn mí ní Mamobi nìyẹn, láti ẹnu ọ̀nà ilé wa títí dé mọ́ṣáláṣí, débi pé ẹni tí mi ò pàdé rí á wò mí láti òkè délẹ̀ bí mo bá ń kọjá. Ìyá tó ń fi ebi pa ọmọ. Ìyá tó ń fi ipá mú ọmọ ọdún méje gba ààwẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀, mi ò sì ní purọ́ pé ó ti rọ̀.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Làmídì ọkọ mi, Accra ni wọ́n bí òun sí, nínú agboolé tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ sí Mamobi nígbà tí ilé ò tíì pọ̀ níbẹ̀. Ó wá fẹ́ mi nílé, ó sì mú mi lọ. Mi ò ní sọ ti ọkọ̀ àti ti bọ́dà. Ẹni tó bá ti rìn ín ló mọ̀ ọ́n. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi lójijì ni pé èdè mi ni wọ́n ń sọ nínú ilé, síbẹ̀ n kì í gbọ́ ọ tán. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, wọ́n á ki Haúsá bọ̀ ọ́ láàárín, wọ́n á fi Twi parí ẹ̀, wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jà, Alata ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Nínú ilé, ìyàwó tó ti Nàìjíríà wá ni mí. Bí mo bá pe ìyá mi ní Ṣakí, àwọn ará ilé wa á máa bi í lẹ́yìn fóònù pé, "Ṣé ará Gánà yẹn nìyẹn?" Ibi mẹ́ta, kò sí èyí tó pè mí lọ́mọ ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta bọ́tìnnì, síìpù, òwú àti rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí síkẹ́ẹ̀tì fún àwọn aránṣọ. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n gbọ́ Twi kíákíá, nítorí kò sí aránṣọ tó máa dúró kí n ronú kí n tó dá a lóhùn. Làmídì ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema, ó sì ń sùn síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé.

Ìgbà tí mo bí Sàúdá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti wú láti inú wá. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi dúró síbẹ̀. Wọ́n ní kí n máa fi omi gbígbóná jó o. Mo jó o, kò lọ. Wọ́n ní mo ti tẹ ibi tí kò yẹ kí aboyún tẹ̀. Wọ́n ní kí n rántí ẹni tí mo ṣẹ̀ nílé kí n tó wá. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn kiri, obìnrin kan na ìka sí i lójú ọjà, ó ní jàkùtẹ̀ ni, ó sì fa ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ mi ò ju ọmọ ọdún kan àbọ̀ lọ nígbà yẹn. Mo bá a jà. Mo fi Yorùbá, Twi àti Haúsá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bú u, mo sì rò pé ó gbọ́ ọ dáadáa.

Sàúdá ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta kí a tó rí dókítà tó jókòó sọ ọ́ fún wa. Ó ní omi kan wà nínú ara èèyàn tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, tó máa ń gbà gòkè láti ẹsẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ò pé lára Sàúdá. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan, inú ìfun rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ fi ń yà á, tí ikùn rẹ̀ fi ń le bí ìlù bí ó bá ti jẹ ohun tó ní ọ̀rá. Ó ní kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe. Ó ní kò sí oògùn tó máa gbé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa á dàgbà, á lọ sílé ìwé, á bímọ. Mo sunkún nínú ọ́fíìsì yẹn. Kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan. Ọkùnrin yẹn ni ẹni àkọ́kọ́ tí ò ní èmi ni mo fà á.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ jẹ epo pupa, kò gbọ́dọ̀ jẹ òróró, ẹ̀pà, ẹran ọlọ́ràá, awọ adìẹ, tàbí pupa inú ẹyin. Ó lè jẹ ẹja tí a yan, ẹ̀wà, funfun ẹyin, igẹ̀ adìẹ tí a ti bó, àti òróró kan tó mọ́ gaara, tí kì í gba ojú ọ̀nà omi yẹn, tí obìnrin tó ń rí sí oúnjẹ ní ọsibítù bá wa wá, tí mo gbọ́dọ̀ fi ṣíbí wọ̀n bí oògùn. Láràárọ̀, màá fọ ẹsẹ̀ yẹn, màá nu àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan gbẹ, màá fi ìpara pa á, màá fi báńdéèjì wé e láti ọmọ ìka dé itan, kó le nísàlẹ̀, kó dẹ̀ lókè. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kò gbọ́dọ̀ ní egbò. Ibi tí ẹ̀fọn jẹ lásán, bí ó bá họ ọ́, ó lè di ohun tó máa gbé e dé ọsibítù.

Nígbà tí mo bí Kàmọ́rù, mo yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Ó mọ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, méjèèjì wú. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mò ń wé láràárọ̀ látìgbà yẹn kí n tó gbé ọjà sórí. Ìyá ọkọ mi, tó ti padà sí Ṣakí ní tirẹ̀, pè lórí fóònù, ó ní, "Kò sí irú ẹ̀ nínú ìdílé tiwa o." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ní ẹnu kọ̀rọ̀ wa, obìnrin Gà kan wà tó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Accra tó máa ń kan díẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ẹja. James Town létí òkun ni ẹja rẹ̀ ti ń wá. Lọ́jọ́ kan ó na ẹja díndín sí Sàúdá, mo dá a lọ́wọ́ kọ́, mo sì ti ń múra ìjà sílẹ̀. Ó kàn wo báńdéèjì yẹn, ó wo mí, ó fi Twi bi mí pé, "Kí ló wá lè jẹ?" Mo sọ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ń yan ẹja, á ya ìrù kan sọ́tọ̀ tí kò fi òróró pa. Àwa méjèèjì ò bá ara wa tan. N kì í gbọ́ èdè ẹ̀, òun náà kì í gbọ́ tèmi.

Mo wá fi ìyẹn wé inú ilé wa.

Hàjíà, ẹ̀gbọ́n bàbá Làmídì, ni olórí agboolé. Nígbà tí ìjọba ayé àtijọ́ ní kí àwọn àlejò fi Gánà sílẹ̀, òun ló gbé ọmọ mẹ́ta gba bọ́dà Aflao kọjá, òun náà ló tún kó wọn padà wá nígbà tí ara rọ ìlú. "Kò sí èyí tó kú mọ́ mi lọ́wọ́," orin rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Hàjíà á din àkàrà, á pín in fún gbogbo ọmọ inú ilé àti ti àdúgbò, ní sàráà. Á na àkàrà sí ọmọ, á ṣàdúrà sí i lórí, ọmọ á ṣe àmín, á gbà á, á jẹ ẹ́ níṣojú ẹ̀. Ohun tó dára ni. Èmi náà jẹ sàráà dàgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe rí. Bí àgbà ilé bá na oúnjẹ sí ọmọ, tí ọmọ ní òun ò jẹ, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bí ìyá bá sì kọ́ ọ, ohun tí ìyá ń sọ ni pé ọwọ́ àgbà yẹn ò mọ́. Mo lọ bá Hàjíà, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé.

Ó ní, "Ìyàwó Làmídì, èmi tí mo fún ọkọ ẹ lóńjẹ tó fi dàgbà, àkàrà mi ló fẹ́ pa ọmọ ẹ?"

"Ẹ má bínú, Hàjíà. Kì í ṣe àkàrà yín. Òróró ni. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Dókítà kì í ṣe Ọlọ́run."

Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tutù, ó sì ń fún wọn jẹ lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá wà lọ́jà. Mi ò mọ̀. Mò ń wọn òróró tèmi ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, mò ń bó awọ adìẹ, mò ń yọ pupa ẹyin, ikùn ọmọ ń wú, mo sì ń bi ara mi pé kí ni mò ń ṣe tí ò dára. Títí ìgbẹ́ fi dá Sàúdá wólẹ̀, tí ẹsẹ̀ yẹn pọ́n, tó gbóná, tí wọ́n dá wa dúró sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Orí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mò ń sùn. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun ń jẹ àkàrà.

"Kí ló dé tí o ò sọ pé rárá?"

"Màámi, wọ́n ti ṣàdúrà. Wọ́n ní kí n ṣe àmín."

Hàjíà náà wá kí wa. Ó gbé ọbẹ̀ ẹran wá nínú fúláàsì, ọ̀rá léfòó sí i lórí. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo dúpẹ́, mo rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo dà á nù. Bí kì í bá ṣe pé àgbà ni, níṣojú ẹ̀ ni ǹ bá ti dà á.

Lẹ́yìn tí a padà sílé, ara Sàúdá bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ọ̀sẹ̀ kan, oṣù kan, oṣù méjì, ikùn rẹ̀ ò wú. Nǹkan kan ló kàn ṣàjèjì: bí mo bá gbé oúnjẹ fún un ní yàrá wa, á kọ́kọ́ fa kọ́tìnnì kó tó jẹun. Mo rò pé eré ọmọdé ni. Mo pe ìyá mi ní Ṣakí, mo fọ́nnu fún un, mo ní, "Ìyá, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe." Ìyá mi dúpẹ́ títí owó fóònù mi fi tán.

Kò pẹ́ sí i ni ojú àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí mi. Obìnrin tí mò ń ta òwú fún ní, "Ìyá Sàúdá, ọmọ yẹn kéré jù fún ohun tí o ń ṣe o." Mo bi í pé kí ni mò ń ṣe. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí Làmídì ti Tema dé, Ààfáà ránṣẹ́ pè wá. Ààfáà yìí ni àbúrò Hàjíà, òun ló ń kírun fún wa, òun náà ló ní makaranta tí àwọn ọmọ ti ń kéwú. Hàjíà ti jókòó síbẹ̀. Fóònù wà lórí ẹní, wọ́n ti ṣí ohùn rẹ̀ síta, ìyá ọkọ mi wà lórí ẹ̀ láti Ṣakí.

Ààfáà ní, "A gbọ́ pé o ń mú Sàúdá gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ò ní kí ọmọdé gba ààwẹ̀, áńbọ̀sì ọmọ tí ara rẹ̀ ò le. Kí ló fa irú ìwà yìí?"

Mo ní, "Ààwẹ̀ wo?"

Hàjíà ní, "Máa purọ́. Lẹ́nu ọmọ la ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá na nǹkan sí i, á ní òun gba ààwẹ̀. Nínú ilé yìí, ní makaranta, lọ́dọ̀ àwọn Haúsá, ibi gbogbo."

Ìyá ọkọ mi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹ̀ lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ òun wá fún òun, pé ọkọ̀ máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé òun ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tó máa sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ wọn kí omi yẹn lè jáde, pé òun á sì fún wọn ní oúnjẹ gidi jẹ.

Gbẹ́rẹ́. Kí wọ́n fi abẹ ya ẹsẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀fọn ò gbọ́dọ̀ jẹ. Mo wo Làmídì. Òun náà wà nínú ọ́fíìsì dókítà lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Ó ń fa fọ́nrán ẹní.

"Làmídì, sọ fún wọn."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn àgbà ná."

Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ọmọ tèmi ò tiẹ̀ burú. Àìsàn ló ń ṣe é, wọ́n sì ti bá a gba ọkọ̀. Mo dìde. Mo sọ fún wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọmọ mi dé ìdíkọ̀, màá jókòó síwájú táyà ọkọ̀ yẹn. Ààfáà ní kí n jókòó, pé wọn kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Mi ò jókòó. Mo ní kí wọ́n pe Sàúdá.

Makaranta ni wọ́n ti lọ pè é wá, ó ṣì gbé wàláà rẹ̀ dání. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe lè kúnlẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n wé yẹn tó nà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Yorùbá rẹ̀ ò dán mọ́rán, ó máa ń gbọ́ ọ ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, nítorí náà ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri.

Ààfáà fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Ta ló ní kí o máa gba ààwẹ̀?"

"Kò sí."

"Kí ló wá dé tí o ń gbà á?"

Ó wo mí, ó wo Hàjíà. Ó ní, "Tí mo bá ní dókítà ní kí n má jẹ ẹ́, wọ́n á ní dókítà kì í ṣe Ọlọ́run. Tí mo bá ní Màámi ni, wọ́n á ní Màámi burú. Tí mo bá ní mo gba ààwẹ̀, wọ́n á ní Máṣàálà, wọ́n á fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n á gbé oúnjẹ lọ." Ó kọjú sí Ààfáà. "Ààfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Mo máa ń jẹun tí mo bá délé. Mo máa ń fa kọ́tìnnì."

Ìyá ọkọ mi ń pariwo nínú fóònù lórí ẹní pé, "Kí ló sọ? Mi ò gbọ́ o."

Inú bí mi débi pé omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún. Mo ní, "Ẹ gbọ́. Ọmọ ọdún méje. Ó ti wo gbogbo wa, ó ti rí i pé kò sí ẹni tó máa gbà pé kí òun wà láàyè, àfi bí òun bá purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ."

Ààfáà bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, "Àwa la kọ́ ọ." Ó mú fóònù. "Ìyá Làmídì, àwọn ọmọ ò wá mọ́. Ẹ sọ fún onígbẹ́rẹ́ yẹn kó máa bá tiẹ̀ lọ."

Làmídì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Gbogbo ohun tó rí sọ nìyẹn, lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti jà á tán.

Wọ́n ní kí n má bínú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni wọ́n ti bà mí jẹ́, inú pálọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀ mí. Kò sí ẹni tó dúró sí ẹnu kọ̀rọ̀ lọ sọ fún ẹni tó ń ra òwú lọ́wọ́ mi pé a ṣi ìyá yẹn gbọ́. Wọ́n á ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹbí ni wá. Obìnrin ẹlẹ́kẹ́ńkẹ́ tí kì í ṣe ẹbí mi, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ló bá mi sọ, ó tó. Mo ti ronú lé e lórí gan-an, ibi tí wọ́n bá ti ń bi mí ní ohun tí ọmọ mi lè jẹ, ibẹ̀ ni mò ń pè nílé báyìí. Èdè tí wọ́n bá fi bi mí ò jẹ́ nǹkan kan.

Hàjíà ò bẹ̀ mí ní tirẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, bí mo bá kí i, á dáhùn láìwo ojú mi. Lọ́jọ́bọ̀, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, kò wọlé. Mò ń wé ẹsẹ̀ Kàmọ́rù lọ́wọ́.

Ó ní, "Kí ló tiẹ̀ wá lè jẹ gan-an?"

Ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà nínú ilé yẹn pẹ̀lú òfin oúnjẹ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan níbẹ̀ máa bi mí nìyẹn. Ó ṣe mí bí kí n dá a lóhùn pé ó ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Mo gbé àpótí fún un, mo ní kó jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Bí a bá ṣe mọ́ínmọ́ín láìfi òróró sí i, kò ní lẹ̀ mọ́ ewé?"

"Ẹ fi omi ra ewé náà, mà."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kò sí ìró òróró nínú àgbàlá. Hàjíà gbé ìkòkò mọ́ínmọ́ín síta, ó funfun báláú, ó sì pín in fún gbogbo ọmọ, ẹyọ kan kì í ṣe ti ọ̀tọ̀. Àwọn kan fajú ro pé kò dùn. Ó ní ẹni tí kò bá dùn mọ́ kó lọ din tirẹ̀. Nígbà tó kan Sàúdá, ó gbé e sí i lọ́wọ́, ó ṣàdúrà, ọmọ ṣe àmín, kò tíì jẹ ẹ́, ó yí ojú wá sọ́dọ̀ mi.

Mo bù ú níṣojú gbogbo wọn, mo fi sẹ́nu, mo tọ́ ọ wò. Èèwọ̀ ni, ẹni tó bá tọ́ oúnjẹ àgbà wò níṣojú ẹ̀ ti sọ pé ọwọ́ àgbà náà ò mọ́. Hàjíà rí mi. Ó ń pín tiẹ̀ lọ. Kò sí òróró nínú mọ́ínmọ́ín náà. Mo mi orí sí ọmọ mi.

Kò wọ yàrá lọ fa kọ́tìnnì. Ó jókòó sí àárín àgbàlá, ó na ẹsẹ̀ tí mo wé yẹn síwájú, ó tú ewé. Oòrùn ṣì wà lókè gangan. Ó ṣe bísímílà, ó ṣínu.